Àpéjọ àwọn onígéèmù: Ṣé ó yẹ kó wọ ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin àgbà tó ń ka ojú ìwé yìí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ká ní ìdíje ayò ọlọ́pọ́n kan ti ń wáyé nílùú yín láti ogún ọdún sẹ́yìn. Lọ́dọọdún, àwọn ọ̀ta á kó ara wọn jọ láti abúlé kan sí òmíràn, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, àwọn òǹwòran á máa pariwo, baálẹ̀ á sì fún ẹni tó bá borí lẹ́bùn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nílùú. Lọ́jọ́ kan, ọmọ yín tó wà ní yunifásítì kọ ìtàn ìdíje náà sínú ìwé ìmọ̀ ńlá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo ayé ń kà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan tí kò gbọ́ orúkọ ìlú yín rí fi béèrè pé: "Ta ló jẹ́rìí sí i?" Bí ọmọ náà kò bá rí ìwé tàbí ìwé ìròyìn kankan tọ́ka sí, wọ́n lè pa ohun tó kọ rẹ́ pátápátá.

Ṣé ìwà ìkà nìyẹn, àbí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn òyìnbó ti ń bá ara wọn fà láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, pàápàá lórí àwọn àpéjọ onígéèmù tó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè pè é ní ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹni tí ayé yóò rántí àti ẹni tí wọn yóò gbàgbé ni.

Ìwé tí gbogbo ayé ń kọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ láyé àtijọ́ yóò rántí àwọn ìwé ńláńlá tí wọ́n máa ń tò sórí pẹpẹ nínú yàrá ìkàwé, tí wọ́n kọ nǹkan nípa ohun gbogbo sí. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn, Encyclopaedia Britannica, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílùú Edinburgh lọ́dún 1768. Èyí tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn lórí bébà jáde lọ́dún 2010, ìdìpọ̀ 32 ni. Lọ́dún 2012 ni ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n fi ṣe ìkéde yẹn, ìwé ìmọ̀ mìíràn ti gba òde kan. Ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 2001 ni Jimmy Wales àti Larry Sanger dá Wikipedia sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni kíkà rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ tàbí kó tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Lọ́dún 2025, àkọsílẹ̀ tó wà nínú ti èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọjá mílíọ̀nù méje. Ti èdè Yorùbá náà wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sì lé ní 30,000. Nígbà tí ọmọ yín bá fi fóònù wá ohunkóhun, ibẹ̀ ni ó sábà máa ń gúnlẹ̀ sí. Kódà, àwọn ẹ̀rọ ayé òde òní tó ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn, lára ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn ni ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé kò lè ṣe kó má ní adènà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà láyé ló lè ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí àwọn onígéèmù ti kọsẹ̀ nìyẹn.

Kí ni àpéjọ onígéèmù?

Ẹ fojú inú wò ó pé gbogbo àwọn tó ń ta dráàfù, Whot, ludo àti ayò láti ìpínlẹ̀ mẹ́fà pàdé nínú gbọ̀ngàn kan fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Wọ́n sanwó wọlé, wọ́n ń díje, wọ́n ń ra géèmù tuntun, wọ́n sì ń gba orúkọ ara wọn sílẹ̀. Àpéjọ onígéèmù nìyẹn.

Èyí tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà ni Gen Con. Ọ̀gbẹ́ni Gary Gygax ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Lake Geneva, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Lọ́dún 1968, ó háyà gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń pè ní Horticultural Hall ní àádọ́ta dọ́là ($50), nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló sì wá. Àwọn tó fẹ́ràn géèmù ogun jíjà lórí tábìlì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n tún pàdé lọ́dún 1969, Gygax pàdé ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Arneson níbẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ló wá jọ ṣe géèmù kan tí wọ́n pè ní Dungeons & Dragons, tó jáde lọ́dún 1974. Nínú géèmù yìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ara rẹ̀ di jagunjagun tàbí oṣó, ẹnì kan á máa sọ ìtàn bí apàlọ́, wọ́n á sì máa ju dáìsì láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni kọ̀ọ̀kan. Títí di òní olónìí, àwọn ènìyàn ṣì ń ṣe é káàkiri àgbáyé.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Gen Con kúrò nílùú kékeré, ó sì ti wà nílùú Indianapolis láti ọdún 2003. Lọ́dún 2023, àwọn tó péjú síbẹ̀ lé ní 70,000. Ní Jámánì, èyí tó ń wáyé nílùú Essen láti ọdún 1983 tilẹ̀ tún gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2019, èrò tó wá síbẹ̀ lé ní 200,000. Bákan náà ni E3, ìpàtẹ géèmù orí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ nílùú Los Angeles lọ́dún 1995. Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé ó ti parí pátápátá, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nínú Wikipedia, nítorí òfin wọn ni pé ohun tó bá ti yẹ lẹ́ẹ̀kan ti yẹ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí àwọn ńláńlá yìí. Àwọn kéékèèké ni wọ́n ń gbé wá sílé ẹjọ́: àpéjọ igba ènìyàn nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ń ṣe láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí èyí tí àwọn olùfẹ́ géèmù ń fi owó àpò ara wọn gbé kalẹ̀.

Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń béèrè

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé bí àpéjọ kan bá ti pẹ́ tó tàbí bí èrò rẹ̀ bá ti pọ̀ tó kọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń béèrè, ẹlẹ́rìí náà sì gbọ́dọ̀ kún ojú òṣùwọ̀n mẹ́ta.

Èkíní, ó gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀ kúnná nípa nǹkan náà. Bí ìwé ìròyìn bá kàn kọ ọ́ pé "àpéjọ yóò wà ní gbọ̀ngàn báyìí lọ́jọ́ Sátidé", ìyẹn kò tó. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a lè gbára lé, bí ìwé tàbí ìwé ìròyìn tó ní olóòtú tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó jáde. Ẹ̀kẹta, òun ló sì le jù, ẹlẹ́rìí náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ara ilé. Ẹni tó ṣètò àpéjọ kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ta géèmù níbẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tó fowó tì í lẹ́yìn.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá gbọ́ tẹnu olóhun nìkan tó sì kọ ọ́ sínú ìwé fún gbogbo ayé, ẹjọ́ ẹnì kan ló dá.

Bí ẹnì kan bá rí àkọsílẹ̀ tó rò pé kò yẹ, á gbé e síwájú gbogbo àwọn tó ń kọ Wikipedia. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń jíròrò rẹ̀. Ẹnì kan á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òmíràn á ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ mìíràn, bí èyí tí wọ́n to orúkọ gbogbo àpéjọ onígéèmù sí. Lẹ́yìn èyí, alábòójútó kan á wá ṣe ìdájọ́. Kì í ka iye ọwọ́ tó wà lókè bí ìgbà ìdìbò. Ẹ̀rí àti àlàyé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá ló ń gbé lé òṣùwọ̀n. Bí ọgọ́rùn-ún onígéèmù bá sáré wá kọ ọ́ pé "àpéjọ wa dùn", ènìyàn kan ṣoṣo tó mú ìwé ìròyìn méjì dání lè borí wọn.

Ìdí tí òfin náà fi le

Àwọn tó wà lẹ́yìn òfin yìí ní ìdí tó múná dóko. Lóṣù karùn-ún ọdún 2005, ẹnì kan kọ irọ́ sínú Wikipedia nípa John Seigenthaler, àgbà akọ̀ròyìn kan ní Amẹ́ríkà, pé wọ́n fura sí i pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Ààrẹ Kennedy. Irọ́ náà wà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó yọ ọ́. Kò ní ẹlẹ́rìí kankan, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ti túbọ̀ le sí i.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ìwé tí gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé, torí ìpolówó ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń gba owó láti bá ilé iṣẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é lófin lọ́dún 2014 pé ẹni tó bá gbowó kó tó kọ̀wé gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba. Ta ni yóò sì dúró láàárín ọjà kó ní ẹ̀kọ òun kò dùn?

Ibi tí òfin náà ti kù díẹ̀ káàtó

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tọ̀tún-tòsì là ń gbọ́. Àwọn tó wà lódìkejì ní ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í kún bí ìwé bébà. Bí a bá fi àpéjọ kékeré kan síbẹ̀, kò lé ẹnikẹ́ni kúrò láàyè rẹ̀. Wọ́n tún ní òfin ẹlẹ́rìí ń gbe ẹni tí àwọn oníròyìn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ń fi ẹni tí wọn kò kà sí sílẹ̀ síta.

Ọ̀rọ̀ Donna Strickland fi hàn pé irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Onímọ̀ físíìsì ni obìnrin ọmọ Kánádà yìí. Lọ́dún 2018, ẹnì kan kọ nípa rẹ̀ láti fi sínú Wikipedia, wọ́n sì dá a padà pé ẹ̀rí tó mú wá kò fi hàn pé obìnrin náà yẹ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n kéde pé ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn fún kì í ṣe iṣẹ́ ọdún yẹn, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ṣe é. Ojú ayé ni kò tíì tó o.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Àwọn ọmọdé ìpínlẹ̀ Kerala ní eré kan tí wọ́n ń pè ní dabba kali. Àìmọye àgbàlagbà ìpínlẹ̀ náà ló ṣe é ní kékeré, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú Wikipedia ti èdè Malayalam. Ṣùgbọ́n ìwé kan kò sí tí wọ́n lè fi jẹ́rìí sí i. Lọ́dún 2011, Achal Prabhala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ ní Íńdíà àti South Africa. Wọ́n gba ohùn àwọn ènìyàn tó mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Àríyànjiyàn ńlá ló dá sílẹ̀. Títí di òní, ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ni òfin náà ṣì ń gbára lé.

Bí ọ̀ràn Gen Con ṣe kọ́ wa lọ́gbọ́n

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbọ̀ngàn aláàádọ́ta dọ́là yẹn. Ká ní Wikipedia ti wà lọ́dún 1969, lójú tèmi, kò dájú pé wọn ì bá gba Gen Con wọlé. Ó kéré, àwọn ará ilé ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò ti inú ìpàdé Gygax àti Arneson jáde. Báwo wá ni a ṣe mọ ìtàn náà lónìí?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn onígéèmù ìgbà náà máa ń tẹ ìwé pélébé láàárín ara wọn. Wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ṣe síbẹ̀, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn kan tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Lọ́dún 2012, Jon Peterson kọ ìwé ńlá kan lórí ìtàn àwọn géèmù wọ̀nyí, lára ohun tó tú yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀ tó fi kọ ọ́ sì ni àwọn ìwé pélébé náà. Peterson kì í ṣe ara àwọn tó ṣètò àpéjọ ọdún 1968. Ẹlẹ́rìí ìta ni. Ìwé tí kò tó ẹ̀rí nígbà náà ló wá di ohun tí ẹlẹ́rìí tòótọ́ dìrọ̀ mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ṣé ó yẹ kí àpéjọ onígéèmù wọ ìwé ìmọ̀, èsì mi ni pé ó yẹ bí ẹlẹ́rìí bá wà, kò sì tíì yẹ bí kò bá sí. Òfin náà kò burú. Ẹni tí kò wá ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ni yóò jẹ̀ka àbámọ̀.

Àwa ńkọ́?

Nígbà tí Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú Scrabble nílùú Perth ní Australia lóṣù kọkànlá ọdún 2015, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníròyìn ilé àti ti òkè òkun kọ ọ́, ìtàn rẹ̀ sì wọ ìwé ìmọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ayò náà kò gbẹ́yìn, torí ó wà lára eré ìbílẹ̀ tí wọ́n ń díje nínú rẹ̀ ní àjọ̀dún eré ìdárayá ti orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n àwọn ìdíje ayò abúlé àti ti ìlú kéékèèké ńkọ́? Ta ló gba ipò kìíní lọ́dún 1985? Ta ló dá a sílẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn, orí àwọn àgbàlagbà ni ìtàn rẹ̀ wà, bí àgbà bá sì lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ̀bi àwa oníròyìn náà wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ti lọ síbi ayẹyẹ ìlú rí. Mo kọ orúkọ gbogbo àwọn lọ́balọ́ba àti olóṣèlú tó jókòó sórí àga, mo sì gbàgbé láti béèrè orúkọ ẹni tó borí nínú ayò. Ìròyìn náà jáde, ọ̀ta ayò kò sí níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá ẹ̀rí rẹ̀ lọ́la, kò ní rí i lọ́wọ́ mi.

Ohun kan wà tó yẹ kí inú yín dùn sí. Òfin Wikipedia kò sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ẹ̀rí gbọ́dọ̀ jẹ́, kò sì sọ pé ó di dandan kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà lè jẹ́rìí bí ti òyìnbó. Láti ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ni èdè wa ti ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Kò yẹ kí a máa sọ pé a kò rí ibi kọ ọ́ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò ìdíje nílùú, ẹ ra ìwé kan. Ẹ kọ ọjọ́, ibi, orúkọ àwọn tó kópa àti ẹni tó borí síbẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ya fọ́tò, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pe oníròyìn, kì í ṣe kó lè yìn yín, bí kò ṣe kó lè rí i kó sì kọ ohun tó rí. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé yín kan lọ sí yàrá ìkàwé tó bá wà nítòsí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé ìròyìn àtijọ́ nínú àpótí, ẹ má fi di ẹ̀pà o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín wò ó kí wọ́n tó jù ú nù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ sì ń kọ Wikipedia, ẹ má kánjú kọ nípa ohun tí kò tíì ní ẹlẹ́rìí, ẹ má sì kánjú pa ohun tó ti ọ̀nà jíjìn wá rẹ́ láìkọ́kọ́ wá ẹ̀rí rẹ̀ ní èdè àwọn tó ni ín.

Gygax àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi eré tí wọ́n ń ṣe nínú gbọ̀ngàn kékeré yẹn ṣeré, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n sí. Onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní pákàrà kí ará ìta tó fi í kólẹ̀. Ọwọ́ wa ni igbá tiwa ṣì wà.